Ọmọ Yín Ń Ka Ọgọ́rùn-ún, Àmọ́ Ṣé Ó Mọ Iye Ẹran Tó Wà Nínú Àwo?

Bí Iléyá bá ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, mo ti mọ ohun tí àwọn ìyá máa bá wá. "Áńtí, ta ló ń ṣe lẹ́sìnnì ọlidé? Kí ọmọ yìí má lọ gbàgbé gbogbo ohun tó kọ́ o." Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin! Lọ́dún 2025, ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà, ni Iléyá bọ́ sí. Ọjọ́ Ẹtì yẹn àti ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni ìjọba fi ṣe ìsinmi. Ìmọ̀ tí ọjọ́ mẹ́rin péré lè gbé lọ, ṣé ó tiẹ̀ wọlé rí?

Ìgbàgbé gan-an kọ́ ló ń bí mi nínú. Ìgbàgbọ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni: pé níbi tí kò bá ti sí ìwé, pẹ́ńsùlù àti ẹni tó ń pariwo "ẹ tẹ̀ lé mi", ọmọ ń ṣeré lásán ni. Ẹ̀rí wọn kì í sì í yàtọ̀: ọmọ ń ka oókan dé ọgọ́rùn-ún láì mí.

Ẹ jẹ́ ká dúró síbẹ̀ yẹn. Ẹ da ekùrọ́ méje síwájú ọmọ náà, kí ẹ ní kó kà á. Ọwọ́ á máa sáré, ẹnu á máa sáré, àwọn méjèèjì ò ní pàdé. Á ka ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, á fo òmíràn. Ká tiẹ̀ ní ó kà á dé méje láìṣìṣe, ẹ wá bi í pé, "Mélòó ni?" Ọ̀pọ̀ wọn ló máa tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀kan. Kò tíì yé e pé èyí tí òun pè kẹ́yìn ni iye gbogbo wọn. Ohun tó sọnù nìyẹn, kíké "ọgọ́rùn-ún" sókè kò sì lè rọ́pò rẹ̀. Rochel Gelman àti C. R. Gallistel, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ti to ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹẹsẹ ní 1978: orúkọ òǹkà kan fún nǹkan kan, kí orúkọ má ṣe kúrò ní ipò rẹ̀, kí èyí tó kẹ́yìn sì jẹ́ iye.

Èdè wa ti mọ ìyàtọ̀ náà tipẹ́. Ení, èjì, ẹ̀ta la fi ń ka òǹkà lẹ́nu. Àmọ́ tí àgbò bá wà níwájú ẹni, ta ló ń sọ pé "àgbò ẹ̀ta"? Àgbò mẹ́ta ni. Ọmọ tó mọ ení, èjì, ẹ̀ta, orin ló mọ̀. Orin dára, àmọ́ orin ni.

Ẹran Iléyá sì rèé, ìpín mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń pín in sí: ti ilé, ti ẹbí àti aládùúgbò, ti aláìní. Ẹ pe ọmọ wá kó jọ to àwo. Àwo kan fún ilé kan, ègé mẹ́rin sínú àwo kọ̀ọ̀kan. Bí ẹran bá tán tí àwo ìyá àgbà ṣófo, ojú ara rẹ̀ ló máa fi rí i pé òun ti ṣì í kà. Ẹnikẹ́ni ò ní láti fa igi yọ.

Kí ọdún tó dé ńkọ́? Ọjọ́ kẹwàá oṣù Súlí-Híjà ni Iléyá. Òkúta mẹ́wàá nínú agolo mílíìkì, ká máa yọ ọ̀kan láràárọ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù. Àárọ̀ tó bá yọ èyí tó kẹ́yìn, ọdún dé. (Ẹ má gbàgbé láti ka òní mọ́ ọn, bí àwa Yorùbá ṣe ń ṣe, tí ọjà tó ń padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin fi ń jẹ́ ọjà ọrọọrún. Ọmọ tó bá béèrè ìdí, Ọlọ́run ló máa gbà yín.) Bí ẹ bá sì mú un lọ wo Kayokayo, àjọ̀dún àwa ará Ẹ̀pẹ́, ẹ sọ fún un pé Ọba Kòsọ́kọ́ tó sá kúrò l'Ékòó wá sí Ẹ̀pẹ́ ní 1851 ni wọ́n ń rántí.

N ò sọ pé lẹ́sìnnì burú o. Ìyá tó ti wà lọ́jà ẹja Olúwo kí ilẹ̀ tó mọ́ kò ráyè ka òkúta. Ẹni tó máa bá a mójú tó ọmọ ló ń sanwó fún, kó sáà pè é bẹ́ẹ̀. Fún àwọn tó ti wọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ lè yàtọ̀: àkójọ ìwádìí tí Harris Cooper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1996 fi hàn pé ọlidé gígùn Amẹ́ríkà ń dá àwọn ọmọ padà sẹ́yìn ní bí oṣù kan, pàápàá nínú ìṣirò. Àwọn tó wádìí lẹ́yìn rẹ̀ kò sì fohùn ṣọ̀kan. Bóyá pípín ẹran lọ́dún yìí á là á yé ọmọ yín, bóyá ó di ẹ̀ẹ̀mí-ìn, n ò lè búra.

Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹ̀wà tàbí àgbàdo kọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta ní òǹkà. Inú ihò imú ló máa kọ́kọ́ kà á sí. Ẹ gbé ọ̀bẹ kúrò nílẹ̀ kí ẹ tó pè é sídìí ẹran. Tó bá sì jẹ́ pé ìwo àgbò ló fẹ́ kà, kó kà á láti ojú fèrèsé. Méjì náà ni.