Sẹ̀gi: inú Igbó Olókun ni dígí wa ti jáde

Ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ aró kan wà nínú àwo oníṣòwò, ó dà pọ̀ mọ́ ike, bọ́tìnì àti iyùn ayédèrú. Ẹni tó ń tà á ní ti ayé àtijọ́ ni. Ẹni tó fẹ́ rà á ní Ṣáínà ló ti wá. Kí ẹnikẹ́ni tó dá wọn lẹ́jọ́, kó kọ́kọ́ gbé ìlẹ̀kẹ̀ náà lé orí aṣọ dúdú, kó wò ó: aró ni yóò rí. Lẹ́yìn náà kó fi ìka méjì mú un, kó gbé e sókè, kí oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí aró yẹn bá pòórá, tí àwọ̀ ewé tó pọ́n rúsúrúsú bọ́ sí ipò rẹ̀, kó rọra gbé e sílẹ̀, nítorí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ojúlówó sẹ̀gi.

Kò sí idán níbẹ̀. Ẹ wo èéfín igi nílé ìdáná. Bí ògiri dúdú bá wà lẹ́yìn rẹ̀, búlúù ló ń hàn. Bí oòrùn bá wà lẹ́yìn rẹ̀, á pọ́n. Hóró tíntìntín tí ojú kò lè rí ló fọ́n ká inú sẹ̀gi bó ṣe fọ́n ká inú èéfín: ó ń ta búlúù inú ìmọ́lẹ̀ padà sójú ẹni, ó sì ń jẹ́ kí ìyókù kọjá. Dígí tó jẹ́ pé kóbáàtì nìkan, èròjà irin kan tó ń sọ dígí di búlúù, ló fún un láwọ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Búlúù ni lórí aṣọ, búlúù náà ni lójú oòrùn. Ṣùgbọ́n kí ẹ má tìtorí èyí ju irú rẹ̀ nù o, torí kóbáàtì wà nínú ọ̀pọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n dà ní Ifẹ̀.

Àwọn ọmọdé òde òní ń pe gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ búlúù ní sẹ̀gi. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iyùn ni ti pupa, àkún ní ipò tirẹ̀, sẹ̀gi sì ni èyí tí a fi ń ṣe ọrùn olówó àti ọlọ́lá lọ́ṣọ̀ọ́, débi pé a fi ń sọ ọmọ lórúkọ: Sẹ̀gilọlá, bí a ṣe ń sọ òmíràn ní Iyùnadé. Àwọn Pọtogí náà gbọ́ òkìkí irú ìlẹ̀kẹ̀ bẹ́ẹ̀. Duarte Pacheco Pereira, tó kọ̀wé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 16, ní àwọn èèyàn òun ń ra ìlẹ̀kẹ̀ búlúù kan tí wọ́n ń pè ní "coris" lẹ́bàá odò Forcados, wọ́n sì ń kó o lọ sí Elmina ní Gold Coast, ìyẹn Ghana òde òní, láti fi pààrọ̀ wúrà. Àwọn kan ní "àkún" ni Pọtogí gbọ́ tí wọ́n fi kọ "cori" tàbí "akori". Èmi ò gbà. Ibo ni "ri" ti wá? Ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn ju orúkọ lọ: ìlẹ̀kẹ̀ tí òyìnbó ń rà ní etíkun wa, tí ó sì ń lọ tà fún ará Gold Coast, kò lè jẹ́ ohun tí òyìnbó fúnra rẹ̀ kó wá.

Ta ló wá dá a? Ìtàn Ifẹ̀ fi Olókun ṣe aya Odùduwà, olówó obìnrin tí kò bímọ, tí ọrọ̀ rẹ̀ pọ̀ bí omi òkun. Igbó tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ wà ní ìhà àríwá ìlú náà. Àwọn tó ń kọ ìtàn nínú ìwé máa ń fi ìtàn aya yìí ṣẹ̀rín, wọ́n á ní òrìṣà òkun kò ní iṣẹ́ kankan ní ìlú tí kò sí létí òkun. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Òrìṣà ọrọ̀ ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe igbó tí ìlẹ̀kẹ̀ ti ń jáde. Ìlẹ̀kẹ̀ ni ọrọ̀ ayé ìgbà náà, òun ni ọba fi ń di ọba. Ẹ wo ère idẹ Ọọ̀ni tí wọ́n rí ní Ìta Yemòó lọ́dún 1957: ìlẹ̀kẹ̀ ló wọ̀ láti ọrùn dé ẹsẹ̀. Ní tèmi, àwọn tó sọ igbó náà lórúkọ mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Bí wọ́n ṣe mọ dígí í dà kò wà nínú ìtàn ẹnu kankan tó péye, nítorí náà ohun tó bá òye mu ni mo lè sọ. Àwọn alágbẹ̀dẹ ni mo rò pé wọ́n kọ́kọ́ rí i. Ẹni tó bá ti yọ irin láti inú òkúta mọ ìdàrọ́, ohun dúdú tó ń dán, tó ń ṣàn bí oyin nígbà tó bá gbóná, tó sì ń di líle bí ó bá tutù. Kí ni ìdàrọ́ bí kì í ṣe dígí tí kò lẹ́wà? Yanrìn, amọ̀, eérú àti irin tó ṣẹ́kù ló para pọ̀ di í nínú iná ẹwìrì. Bí alágbẹ̀dẹ kan bá rí ìdàrọ́ tó mọ́ díẹ̀, tó ní àwọ̀ ewé, yóò fẹ́ mọ ìdí rẹ̀. Àwọn obìnrin amọ̀kòkò ló mọ amọ̀ tó lè gba iná láì sán. Àwọn aláró ló mọ eérú, wọ́n sì mọ bí a ṣe ń sẹ́ ẹ. Gbogbo wọn ló wà nínú ìlú kan náà. Ìmọ̀ dígí kò nílò àlejò. Ohun tó nílò ni ọ̀kánjúwà ọba tó fẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ ju èyí tí ó lè rà lọ.

Ìgbà wo? Ibi tí wọ́n wú ní Igbó Olókun fi hàn pé iṣẹ́ ń lọ láàrin ọ̀rúndún 11 sí 15. Mo gbà pé ó ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú. Ìlẹ̀kẹ̀ tí èròjà rẹ̀ bá ti Ifẹ̀ mu ti jáde ní Igbo-Ukwu àti ní Gao ní Mali òde òní, lẹ́bàá odò Ọya, ohun tó sì ti rìn dé Gao kò lè jẹ́ ọjà ọdún àkọ́kọ́ alágbàṣe kan. Iṣẹ́ ti gbọ́dọ̀ fìdí múlẹ̀ kí ọjà tó rìn jìnnà bẹ́ẹ̀.

Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ifẹ̀ lọ́dún 1910. Ó rí ìkòkò tí dígí lẹ̀ mọ́ nínú, ó sì sọ pé àwọn ará Atlantis, ìlú tí kò sí ẹni tó tíì rí i, ló wá dá a sílẹ̀ fún wa. Ìjọba kọ́lónì fipá mú un kó dá ọ̀pọ̀ ohun tó kó ní Ifẹ̀ padà. Àlàyé rẹ̀ ni kò sí ẹni tó gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ọ̀mọ̀wé tó lọ́gbọ́n jù ú lọ ní ará Ifẹ̀ ń yọ́ ìgò àti ìlẹ̀kẹ̀ tí àwọn Lárúbáwá kó gba aginjù kọjá ni. Èyí ló gbilẹ̀ fún ọdún pípẹ́, àwọn tó yẹ èròjà rẹ̀ wò kò sì pọ̀.

Àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Lankton, Ige àti Rehren, ló tú àṣírí náà lọ́dún 2006. Akin Ige yẹn, ọmọ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni. Wọ́n rí i pé kálísíọ́mù àti àlúmínà pọ̀ nínú dígí Ifẹ̀ ní ọ̀nà tí kò sí níbòmíràn. Àlúmínà ni èròjà tó pọ̀ nínú amọ̀, kálísíọ́mù ni ti ẹfun àti ìkarahun. Nínú dígí Yúróòpù àti ti Lárúbáwá, kì í sábà ju 2 sí 4 nínú 100 lọ; nínú ti Ifẹ̀, ó sábà máa ń ju 10 lọ, kálísíọ́mù náà sì ń bá a dọ́gba. Ìgò tí a yọ́ kò lè di irú èyí láéláé, àyàfi bí a bá dà á pọ̀ mọ́ òkè amọ̀. Ẹni tó bá ń sọ pé wọ́n kó o wá, kó fi ìlú tó ti wá hàn wá.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2010, awalẹ̀pìtàn Abidemi Babatunde Babalola wú ilẹ̀ ní igbó náà. Ohun tó jáde pọ̀: ìlẹ̀kẹ̀ tó ju 12,000, àpáàdì ìkòkò ìdádígí tó ju 800, ọ̀pá amọ̀ róbótó tí iná ti yọ́ lára, àti ọ̀pọ̀ àfọ́kù dígí tó kù sílẹ̀ nídìí iṣẹ́. Ó kó ìlẹ̀kẹ̀ 52 lọ fún àyẹ̀wò. Oríṣi méjì ló bá: àlúmínà pọ̀ nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n kálísíọ́mù pọ̀ nínú ọ̀kan, kò pọ̀ nínú èkejì. Mánganíìsì, irin àti kóbáàtì wà lára ohun tó fún wọn láwọ̀. Ibi tí àfọ́kù dígí, ìkòkò àti ìlẹ̀kẹ̀ bá ti jọ wà lójú kan, ilé iṣẹ́ ni, kì í ṣe àgbàlá ọlọ́rọ̀.

Bí iṣẹ́ náà ṣe lọ nìyí, bí ohun tó kù ṣe fi hàn. Yanrìn tó ti ara òkúta líle wá ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, èyí tí àlúmínà ti wà nínú rẹ̀ láti ìṣẹ̀dá. Ohun tó fún un ní kálísíọ́mù lè jẹ́ òkúta ẹfun, ó sì lè jẹ́ ìkarahun ìgbín. Ìkarahun ni mo fi ọkàn sí, torí ìgbín kò wọ́n wa nígbà kankan. Wọ́n á lọ̀ wọ́n, wọ́n á dà wọ́n sínú ìkòkò amọ̀ tó nípọn, wọ́n á finá sí i. Bí iná kò bá tó, hóró funfun tí kò yọ́ yóò kù nínú dígí. Bí ó bá pẹ́ jù nínú iná tó ń tutù díẹ̀díẹ̀, dígí á di ohun tí kò mọ́, á dà bí wàrà. Bí ó bá tutù lójijì, á sán. Nígbà tó bá yọ́ dáadáa, wọ́n á wé díẹ̀ sórí ọ̀pá, wọ́n á jẹ́ kí ihò wà láàrin rẹ̀, wọ́n á sì fà á gùn bí okùn kó tó tutù. Ihò náà á gùn pẹ̀lú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gé e kélekèle, wọ́n á tún fi iná kan etí rẹ̀ kó má gé ọrùn.

Fífà yìí ló ń ran ẹni tó ń wo ìlẹ̀kẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wo ara rẹ̀: bí ọ̀fọ́ọ̀fó afẹ́fẹ́ bá gùn, tó dùbúlẹ̀ bí ihò náà ṣe gùn, fífà ni. Bí ìlà bá ń yí ihò po bí òwú lára kẹ̀kẹ́, wíwé ni. Ọ̀pọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ Venice, ìlú kan ní Ítálì, jẹ́ wíwé. Bí ìlà kan ṣoṣo bá gba ẹ̀gbẹ́ kọjá láti orí dé ìdí, inú ẹ̀rọ ìtẹ̀dígí ló ti jáde, ẹ má ṣe náwó ńlá lé e. Àwọn ará Yúróòpù náà ń fa dígí, nítorí náà fífà nìkan kò tó ẹ̀rí. Ẹ tún ranti pé èyí tó pọ̀ jù lọ nínú ohun tí wọ́n wú ní Igbó Olókun kéré, kò tó hóró àgbàdo. Ìlẹ̀kẹ̀ tó tóbi bí èkùrọ́, tó ń dán gbinrin, ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ rèé. Àwọn kan á fi abẹ́rẹ́ gbígbóná gún un láti mọ̀ bóyá ike ni. Kí ẹ fi ara kan ètè tàbí eyín ti tó: dígí á tutù, ike á lọ́wọ́ọ́rọ́. Abẹ́rẹ́ lè sán ìlẹ̀kẹ̀ tó ti gbó. Àwọn mìíràn á fi omi ìfọṣọ funfun rẹ ẹ́ kó lè dán. Èèpo rírẹ̀ tó wà lára rẹ̀ ni wọ́n ń fọ̀ kúrò, bẹ́ẹ̀ èyí ló ń sọ bí ó ṣe pẹ́ tó nínú ilẹ̀. Ẹni tó fẹ́ tàn yín lè sin ìlẹ̀kẹ̀ titun sínú iyẹ̀pẹ̀ kó rí bí ti àgbà. Etí ihò ni kí ẹ wò. Okùn ló máa ń jẹ ẹ́, á sì dán yìnrìnyìnrìn ní ẹ̀gbẹ́ kan ju èkejì lọ. Iyẹ̀pẹ̀ kò mọ ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá ní ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ ní yunifásítì, ẹ̀rọ XRF lè ka èròjà ìlẹ̀kẹ̀ láì fọ́ ọ. Kálísíọ́mù tó pọ̀ nìkan kò jẹ́ ẹ̀rí, torí ìgò ọtí náà ní in. Àlúmínà ni ẹ̀rí tó ń dè é. Ṣùgbọ́n ojú tó ti jẹrà ń ṣi ẹ̀rọ náà lọ́nà, nítorí náà ibi tó ti sán, tí inú ti hàn, ni kí wọ́n yíjú sí.

Ìyókù ìtàn náà kò gùn. Dígí Venice dé, ti Bohemia ní ilẹ̀ Czech òde òní tẹ̀ lé e, ọkọ̀ kó wọn kún etíkun, ọ̀wọ́n ìlẹ̀kẹ̀ wá di ọ̀pọ̀. Ní Bida ní ilẹ̀ Nupe, àwọn Masaga, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ dígí, ń yọ́ ìgò ṣe ìlẹ̀kẹ̀ àti ẹ̀gbà. Iṣẹ́ ọwọ́ tó dára ni, kò kàn yẹ kí a máa fi ti ìgò yíyọ́ sọ̀rọ̀ nígbà tí a bá ń sọ ti Ifẹ̀. Ike ló sì gba ọjà lónìí.

Ẹ má já okùn tí ẹ bá a lórí, bó ti wù kó rà tó. Okùn náà ń sọ ibi tó ti gbé. Ẹ kọ orúkọ ọjà àti ìlú tí ẹ ti rà á sórí ìwé kékeré, kí ẹ fi sínú àpò pẹ̀lú rẹ̀. Bí ẹ bá sì ń gbèrò láti fi ránṣẹ́ sí ọmọ yín ní London tàbí Houston, òfin 1979 lórí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kò gbà kí ohun àtijọ́ jáde kúrò ní Nàìjíríà láì gba ìwé àṣẹ, ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo náà sì lè wà lára ohun bẹ́ẹ̀.