Ìdajì Oògùn Eégbọn Ajá Kì í Ṣe Oògùn Ológbò

Bí itọ́ bá ń dà lẹ́nu ológbò kété tí wọ́n kán oògùn eégbọn sí i lẹ́yìn ọrùn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó kàn lá a ni, oògùn náà sì korò. Bí awọ ibẹ̀ bá pọ́n tàbí tí irun re díẹ̀, ohun tí wọ́n fi po oògùn ló sábà máa ń fà á. Ìwọ̀nyí kì í sábà le. Èyí tó ń pa ológbò ni permethrin, èròjà apakòkòrò inú oògùn ajá.

Lára àwọn iṣan tó ń gbé ìròyìn káàkiri ara, ilẹ̀kùn tín-ín-tìn-ín wà tí sodium, èròjà inú iyọ̀, ń gbà wọlé. Ilẹ̀kùn á ṣí, ìròyìn á kọjá, ilẹ̀kùn á padé, kí ojú tó ṣẹ́. Permethrin dà bí òkúta tí wọ́n fi há ìdí ilẹ̀kùn náà. Ìròyìn kan ṣoṣo á wá di àìmọye: etí á máa gbọ̀n, ẹran ara á máa fò, ó di gìrì. Bí ara bá ṣe tutù tó ni ilẹ̀kùn ṣe ń pẹ́ ní ṣíṣí, ibẹ̀ sì ni ọgbọ́n oògùn yìí wà, nítorí eégbọn ò ní ooru ara tirẹ̀.

Permethrin díẹ̀ ń wọ ara ajá náà, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ ajá kì í jẹ́ kó pẹ́. Ó máa ń gé e wẹ́wẹ́, á sì so glucuronic acid mọ́ ohun tó gé. Ohun ọlọ́ràá kì í bá omi lọ, kíndìnrín ò sì lè gbé ẹrù tí kò ní ibi ìdìmú. Glucuronic acid ni ìdìmú yẹn. Ẹ̀dọ̀ ológbò mọ ẹrù í gé, ìdìmú ni kì í rí so mọ́ ọn tó. Ẹrù á tò jọ sẹ́nu ọ̀nà, èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn ò ní ráyè kọjá. Jíìnì UGT1A6, tó wà lára àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ìsomọ́ yìí, ti bàjẹ́ nínú ìdílé ológbò, títí kan kìnnìún. Èrò àwọn onímọ̀ ni pé ẹran tí wọ́n ń jẹ kò jẹ́ kí wọ́n nílò ohun tó ń tú májèlé inú ewé. Àléébù yìí náà ló sọ paracetamol di májèlé fún ológbò.

Ìdí nìyí tí ìṣirò "ajá kìló 10 gba odidi, ológbò kìló 5 á gba ìdajì" fi ń bíni nínú. Ọ̀rọ̀ ò sí lórí ìwọ̀n ara rárá. Permethrin inú oògùn ajá tí wọ́n ń kán sí ẹ̀yìn lè tó ìdá 45 sí 65 nínú 100. Mílílítà 1 èyí tó jẹ́ ìdá 45 ní mílígíráàmù 450 nínú. Lára ológbò kìló 4.5, ó di mílígíráàmù 100 fún kìló kọ̀ọ̀kan, iye yẹn sì lè gba ẹ̀mí. Páálí tó kọ "ajá kékeré" gàdàgbà, tó wá fi lẹ́tà wẹ́wẹ́ kọ ìkìlọ̀ nípa ológbò, ń tanná ran àṣìṣe yìí ni. Ológbò tó bá sì sùn ti ajá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kán oògùn sí, tàbí tó lá irun rẹ̀, lè kó o. Kí wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀ fún wákàtí 72.

Àmì lè yọ láàárín wákàtí díẹ̀, ó sì lè pẹ́ ju ọjọ́ kan lọ. Bí ológbò ò bá tíì máa gbọ̀n, ẹ fi ọṣẹ olómi tí wọ́n fi ń fọ abọ́ wẹ̀ ẹ́ nínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Omi gbígbóná á jẹ́ kí oògùn túbọ̀ wọ awọ, omi tútù á sì jẹ́ kí òkúta ìdí ilẹ̀kùn túbọ̀ há. Ẹ nù ún gbẹ. Bí gìrì bá ti mú un, ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko ló kàn, ìwẹ̀ lè dúró. Kò sí ẹ̀rọ̀ kan tó wà fún permethrin. Oògùn methocarbamol ni wọ́n fi ń dẹ ẹran ara tó ń fò, torí diazepam, oògùn gìrì, nìkan kì í sábà ká a. Dókítà tún lè fa òróró àkànṣe tí wọ́n ṣe fún abẹ́rẹ́ sí i lójú iṣan ẹ̀jẹ̀, kí permethrin tó fẹ́ràn ọ̀rá lè sá lọ bá a. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n tètè gbé dé ló ń yè é láàárín ọjọ́ 1 sí 3. Ẹ mú páálí oògùn náà dání lọ.