Bí bug Inkscape ṣe ń di nǹkan tí wọ́n lè tún ṣe

Inkscape, sọ́fúwíà ọ̀fẹ́ tí wọ́n fi ń ya lógò, káàdì àti bánà, ò ní nọ́ńbà téèyàn lè pè. Láti 2003 tó ti bẹ̀rẹ̀, àwọn tó ń fi ọ̀fẹ́ ṣiṣẹ́ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń kọ kóòdù rẹ̀, kálukú wà ní orílẹ̀-èdè tiẹ̀, lórí kọ̀ǹpútà tiẹ̀. Torí ẹ̀, tí fáìlì flex bá ń dààmú dísáínà kan ní Utako tàbí Kubwa nílùú Abuja, tó wá kàn kọ "ó ń hang" ránṣẹ́, kò sẹ́ni tó máa rí nǹkan kan ṣe sí i. Bug, ìyẹn àṣìṣe inú sọ́fúwíà, tí ẹlòmíì ò lè fojú ara ẹ̀ rí lórí kọ̀ǹpútà tiẹ̀, kò ṣeé tún ṣe, orí ìyẹn ni gbogbo ètò yìí dúró lé.

Ohun tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ mọ̀ ni bóyá Inkscape ló jẹ̀bi lóòótọ́. Ẹ jẹ́ ká mú káàdì ìgbéyàwó: èèyàn tẹ "Ọlọ́run" sí i, àmì orí ọ kejì yẹn wá fò lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà, fún ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn, àmọ́ ọ́ ò ní èyí tó dá ní, ọ ló wà níbẹ̀ tí àmì òkè wá tẹ̀lé e, fọ́ǹtì ló sì máa sọ ibi tí àmì yẹn máa jókòó sí. Ẹ kọ́kọ́ yí i sí Noto Sans tàbí Charis SIL. Tó bá jókòó dáadáa, fọ́ǹtì tẹ́lẹ̀ ló níṣòro. Tó bá wá jẹ́ pé fọ́ǹtì kan náà dára nínú LibreOffice tí Inkscape nìkan ń dà á rú, ẹjọ́ dé ọ̀dọ̀ Inkscape nìyẹn.

Tí wọ́n bá mú iná lọ níbi téèyàn ti ń save, fáìlì lè gé láàárín. Ọ̀rọ̀ lásán ló wà nínú SVG, ìyẹn irú fáìlì tí Inkscape ń save, ẹ fi Notepad ṣí i kẹ́ ẹ wo ìparí ẹ̀, tí </svg> ò bá sí níbẹ̀, fáìlì yẹn ò pé. Lógò àtijọ́ tó dédé kéré náà nídìí: version 0.92 tó jáde ní 2017 yí píksẹ́lì inú ínṣì kan kúrò ní 90 sí 96. Sẹ́tíǹgì náà máa ń bàjẹ́. Ẹ yí orúkọ preferences.xml, fáìlì tó ń tọ́jú sẹ́tíǹgì, padà, ẹ má pa á rẹ́ o, Inkscape á ṣe tuntun fúnra ẹ̀ tẹ́ ẹ bá tún un ṣí.

Tí ìṣòro ò bá lọ, iṣẹ́ gidi wá kù, òun sì lọ̀pọ̀ èèyàn ń sá fún. Ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì yẹn, ẹ pa ìdajì nǹkan inú ẹ̀ rẹ́. Ṣé ó ṣì ń ṣe é? Ẹ tún pa ìdajì èyí tó kù. Tó bá ti lọ, ẹ tẹ Ctrl+Z kẹ́ ẹ pa apá kejì rẹ́ dípò ẹ̀. Bánà tó kún fún òdòdó, òjìji àti fọ́tò lè wá di rẹ́kítáńgù kan tó ní blur, ibẹ̀ ni bug náà ń gbé. Lẹ́yìn náà, ẹ lo Clean Up Document lábẹ́ File, kó lè kó àwọn ìdọ̀tí tó kù dànù. Fáìlì kékeré báyìí, ẹni tó ń kọ kóòdù lè kà á látòkè délẹ̀. Ó tún ń dáàbò bo kọ́sítọ́mà, torí gbangba ni ripọ́ọ̀tù bug tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ máa ń wà, pósítà olóṣèlú tí kò tíì jáde tàbí nọ́ńbà fóònù ìyàwó ò gbọ́dọ̀ bá a lọ síbẹ̀.

Inbox Inkscape lórí GitLab, ìkànnì tí àwọn tó ń kọ kóòdù ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀, ni ripọ́ọ̀tù tuntun ń wọ̀. Ẹ kọ́kọ́ wá a bóyá ẹnì kan ti sọ ọ́, tó bá ti wà, ẹ fi fáìlì tiyín kún tiẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ tẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀, ohun tó wá ṣẹlẹ̀, irú kọ̀ǹpútà yín, àti version tó wà ní About Inkscape lábẹ́ Help, bug kan fún ripọ́ọ̀tù kan. Ẹnì kan á gbìyànjú ẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tiẹ̀, ó sì lè bi yín ní ìbéèrè, ẹ tètè dá a lóhùn, torí ripọ́ọ̀tù tí ẹni tó kọ ọ́ ò dáhùn mọ́, wọ́n lè tì í pa. Tí wọ́n bá sọ pé àwọn ti tún un ṣe, fáìlì kékeré yẹn náà lẹ máa fi yẹ version tuntun wò.