Náítírójìn nínú igi yíyan tí a ń dáná pọ̀ mọ́ èédú inú ilẹ̀

Igi yíyan ni igi tàbí pàǹtí oko tí a fi sínú ooru tó wà láàárín 200 sí 300 °C níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti ráyè wọlé, kí a tó lọ̀ ọ́ kúná, kí a sì dáná rẹ̀ pọ̀ mọ́ èédú inú ilẹ̀ ní ilé iṣẹ́ amúnáwá. Nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 ìwọ̀n igi náà ló máa ń ṣẹ́kù, ṣùgbọ́n ìyókù yìí ṣì gbé nǹkan bí ìdá 90 agbára rẹ̀ dání, kì í sì í tètè fa omi mọ́.

Ọ̀nà mẹ́ta ni gáàsì NOx tó ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́, ìyẹn NO àti NO₂ (náítírójìn tó dà pọ̀ mọ́ ọ́ksíjìn), ń gbà wáyé nínú iná. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Zeldovich ṣàlàyé àkọ́kọ́ ní ọdún 1946: bí ooru bá ga gan-an, náítírójìn inú afẹ́fẹ́ a máa dà pọ̀ mọ́ ọ́ksíjìn. Onímọ̀ mìíràn, Fenimore, ṣàlàyé èkejì ní 1971: àwọn ègé ohun ìdáná tó ń jó a máa kọlu náítírójìn inú afẹ́fẹ́ lẹ́nu iná. Ẹ̀kẹta, tó máa ń pọ̀ jù lọ nígbà tí a bá ń dáná èédú lílọ̀, ti inú ohun ìdáná gan-an wá.

Náítírójìn inú èédú sábà máa ń tó ìdá 0.5 sí 2 nínú 100, nígbà tí ti igi lásán kì í sábà kọjá ìdá 0.5. Síbẹ̀ NOx kì í dín kù ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú náítírójìn, nítorí ibi tí náítírójìn náà bá gbà jáde ṣe pàtàkì ju iye rẹ̀ lọ. Bí iná bá mú ohun ìdáná, apá kan náítírójìn á bá gáàsì jáde, apá kejì á sì kù sínú ẹ̀yinná. Ti inú èédú máa ń jáde ní pàtàkì gẹ́gẹ́ bí haidrójìn sáyánáìdì, gáàsì olóró kan. Ti inú igi, tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti purotéènì, a máa mú àmóníà púpọ̀ wá. Bí afẹ́fẹ́ kò bá pọ̀ lẹ́nu iná, àmóníà yìí lè bá NO jà, kí àwọn méjèèjì di náítírójìn lásán àti omi. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fún iléru ní afẹ́fẹ́ ní ìpele-ìpele.

Níbí ni yíyan ti ní ìṣòro tirẹ̀. Gáàsì inú igi ti dín kù kí ó tó dé iléru, nítorí náà púpọ̀ nínú náítírójìn rẹ̀ á wà nínú ẹ̀yinná, tí afẹ́fẹ́ onípele kò fi bẹ́ẹ̀ ràn lọ́wọ́. Igi yíyan ṣì sàn ju èédú lọ, àmọ́ kì í ṣe gbogbo àǹfààní tí igi tí a kò yan ní ló kù sí i lára.

Nínú iléru oníyanrìn, níbi tí ohun ìdáná ti ń jó láàárín yanrìn gbígbóná tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sókè, tí ooru rẹ̀ sì wà láàárín 800 sí 900 °C, NOx kì í pọ̀, ṣùgbọ́n N₂O, gáàsì náítírójìn mìíràn, ni wàhálà ibẹ̀: tọ́ọ̀nù kan rẹ̀ ń mú ayé gbóná tó tọ́ọ̀nù 273 kárbọ̀nù dáyọ́ksáìdì láàárín 100 ọdún. Igi a máa dín N₂O yìí kù, nítorí haidrójìn sáyánáìdì ló ń bí púpọ̀ nínú rẹ̀, kì í ṣe àmóníà.

NOx tó bá ṣẹ́kù ni wọ́n ń fi àmóníà fọ̀ kúrò nínú èéfín, lórí èròjà amúṣẹ́yá tí wọ́n fi fanádíọ̀mù ṣe, ní nǹkan bí 300 sí 400 °C. Pọtásíọ̀mù inú eérú koríko a máa pa èròjà náà lára díẹ̀díẹ̀. Yíyan kò mú pọtásíọ̀mù kúrò. Kí ó lè kúrò, omi ni wọ́n fi ń fọ koríko kí wọ́n tó yan án.