Hylas àti Àwọn Iwin Omi

Hylas àti Àwọn Iwin Omi jẹ́ àwòrán tí John William Waterhouse, oníṣẹ́ ọnà ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n bí sí ìlú Róòmù, fi ọ̀dà olóróró yà sórí aṣọ kánfáàsì ní ọdún 1896. Ọdún náà gan-an ni ilé àwòrán ìlú Manchester rà á, ibẹ̀ ni ó sì wà títí di òní.

Inú ìtàn ìwáṣẹ̀ àwọn Gíríìkì ni Waterhouse ti mú un. Hylas ni ọ̀dọ́mọkùnrin arẹwà tí ń ṣe ẹmẹ̀wà fún akọni Heracles, àwọn méjèèjì sì jọ wọ Argo, ọkọ̀ tí Jason àti àwọn akọni ẹgbẹ́ rẹ̀ fi lọ wá awọ àgbò oníwúrà. Nígbà tí ọkọ̀ náà gúnlẹ̀ sí Mysia, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Tọ́kì lónìí, Hylas gbé ìkòkò, ó lọ pọnmi. Àwọn iwin tó ni ìsun ibẹ̀ rí i, ìfẹ́ rẹ̀ kó sí wọn lórí, wọ́n sì fà á wọ ibú. Heracles ń wá a kiri inú igbó, ó ń ké orúkọ rẹ̀, títí ọkọ̀ fi ṣí tí ó fi í sílẹ̀. Theocritus àti Apollonius ará Rhodes, akéwì ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Kristi, kọ ìtàn yìí sílẹ̀.

Waterhouse kò ya igbe, kò ya ọkọ̀, kò sì ya ìjàkadì. Àkókò díẹ̀ ṣáájú ìjàǹbá ni ó mú, ibẹ̀ sì ni agbára àwòrán náà wà. Hylas, nínú aṣọ aláró tó ṣú, bẹ̀rẹ̀ sétí omi lápá òsì. Ọmọbìnrin méje tó wà ní ìhòòhò yọ sókè láàárín ewé àti òdòdó òṣíbàtà. Ọ̀kan ti di apá rẹ̀ mú, òmíràn tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ tí péálì wà nínú rẹ̀. Ojú wọn jọra bí ojú ìbejì, kò sì sí èyí tó ń rẹ́rìn-ín. Omi náà dúdú, kò ṣeé rí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ní oṣù kìíní ọdún 2018, wọ́n gbé àwòrán náà kúrò lára ògiri fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, gẹ́gẹ́ bí ara iṣẹ́ tí oníṣẹ́ ọnà Sonia Boyce ń ṣe níbẹ̀, láti dá ìjíròrò sílẹ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń fi ara obìnrin hàn nínú àwòrán ayé àtijọ́. Àwọn òǹwòran lẹ ìwé pélébé tí wọ́n kọ èrò wọn sí mọ́ àyè tó ṣófo náà. Ọ̀pọ̀ bínú, wọ́n ní ìfòfindè ni. Wọ́n dá a padà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì, fídíò tí wọ́n sì ká lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gbé e kúrò di apá kan nínú iṣẹ́ tí Boyce pè ní Six Acts.