Ẹja olójú pupa inú odò Ògùn: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: A gbọ́ pé ẹja kékeré kan wà tí àwọn òyìnbó ń sìn nínú àpótí gíláàsì, odò Ògùn ni wọ́n sì ti ń kó o. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ níbí ni odò Ògùn ti ṣẹ̀. Kí ló wá dé tí àwọn apẹja wa kò mọ̀ ọ́n?

Ìdáhùn: Lóòótọ́, òkè Ìgárán nítòsí Ṣakí ni orísun odò Ògùn. Àmọ́ odò kì í rí bákan náà láti orísun títí dé ọ̀sà. Lọ́dọ̀ wa, inú ọ̀dàn ló ń gbà kọjá. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, omi á fà, á ku kòtò kòtò láàárín àpáta, oòrùn á sì máa pa á. Nísàlẹ̀ pátápátá, ilẹ̀ tẹ́jú, omi kì í gbẹ, igi ṣíji bo etí rẹ̀, kòkòrò sì ń já bọ́ láti orí ewé. Ibẹ̀ ni ẹja yìí ń gbé. Ìsàlẹ̀ odò Ògùn àti ìsàlẹ̀ odò Ọya nìkan ni ibùgbé rẹ̀ ní gbogbo ayé. Ti Ògbómọ̀ṣọ́ tilẹ̀ tún jìnnà sí i, nítorí inú Ọ̀ṣun ni odò Ọbà tó wà níbẹ̀ ń ṣàn sí, kì í ṣe inú Ògùn.

Ìbéèrè: Kí ni orúkọ rẹ̀?

Ìdáhùn: Arnoldichthys spilopterus. Boulenger, onímọ̀ nípa ẹja, ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1909. Ní 1926, Myers, onímọ̀ ẹja mìíràn, fi orúkọ Arnold, ará Jámánì kan tó ń sin ẹja, pè é. Òun nìkan ló ń jẹ́ Arnoldichthys: kò lẹ́gbọ̀n-ọ́n, kò lábùúrò.

Ìbéèrè: Báwo la ṣe lè dá a mọ̀?

Ìdáhùn: Kò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 8 lọ, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹja wẹ́wẹ́ ṣe rí, torí náà ẹ má wo gígùn. Ìpẹ́ ni kí ẹ wò. Láti àárín ara lọ sókè, ìpẹ́ rẹ̀ fẹ̀, ó ń dán bí ìlẹ̀kẹ̀. Láti àárín lọ sísàlẹ̀, ìpẹ́ kéékèèké ni. Òkè ẹyinjú rẹ̀ pupa, àmì dúdú sì wà lára lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Lẹbẹ abẹ́ ìdí ni ẹ fi ń mọ akọ: ó ní ìlà pupa, pupa rúsúrúsú àti dúdú. Ti abo kò ní ìlà, dúdú ló wà ní ṣóńṣó rẹ̀.

Ìbéèrè: Mo ra mẹ́ta l'Ékòó, mo gbé wọn wá sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ọjọ́ kejì ni gbogbo wọn kú. Kí ni mo ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́. Ọ̀nà jíjìn lè ti bẹ̀rẹ̀ ìyà náà. Nínú ọ̀rá, ìgbẹ́ ẹja ń di májèlé, ooru ọkọ̀ sì ń dín atẹ́gùn inú omi kù. Ẹ má ṣe fún wọn lóúnjẹ lọ́jọ́ tó ṣáájú ìrìn-àjò. Kí omi kún ìdá kan nínú mẹ́ta ọ̀rá, kí ìyókù jẹ́ atẹ́gùn, kí ẹ sì gbé e sínú kúlà.

Lẹ́yìn náà ni omi ilé. Ẹja yìí fẹ́ omi tí kò le, ìyẹn omi tí èròjà ilẹ̀ kò pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ dán omi kànga yín wò: bí ọṣẹ kò bá tètè hó, omi náà le jù. Ẹ fi omi òjò là á, ìdajì-ìdajì. Ẹ jẹ́ kí òjò kọ́kọ́ fọ òrùlé fún bí 20 ìṣẹ́jú kí ẹ tó gbé ike sí i, ẹ má sì gbà á lára páànù tó ti dípẹtà. Bó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ ni, ẹ dá a sínú ike tí a kò dé, ó kéré tán fún wákàtí 24, kí oògùn inú rẹ̀ lè fò lọ. Ewé furúùtù gbígbẹ 2 tàbí 3 nínú 100 lítà á jẹ́ kí omi náà dà bíi ti abẹ́ igbó.

Dídà wọ́n sínú omi lójijì tún máa ń pa wọ́n. Ẹ fi ọ̀rá léfòó lórí omi fún 20 ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà kí ẹ máa bu ife omi kan sí i ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Àwọ̀n ni kí ẹ fi kó ẹja jáde, kí ẹ da omi ọ̀rá nù.

Mẹ́ta náà kò tó. Ẹja tó ń rìn lẹ́gbẹ́ ni. Bó bá dá wà, ẹ̀rù á bà á, á máa sá sí igun, kò sì ní jẹun. Ẹ ra 6 sí 8. 100 lítà omi ló tó wọn, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 25 mẹ́rin. Ẹ dé e, nítorí wọ́n máa ń fò jáde. Kí ooru omi wà láàárín 24°C sí 27°C. Ní òru ọyẹ́, ẹ wò ó dáadáa.

Ìbéèrè: Ṣé a lè dà wọ́n sínú odò Ọbà kí wọ́n pọ̀ sí i?

Ìdáhùn: Rárá, ẹ jọ̀ọ́. Àrùn inú gíláàsì lè bá wọn wọ odò, ẹja tó sì ti wà níbẹ̀ ló máa jìyà rẹ̀.

Ìbéèrè: Kí ni wọ́n ń jẹ, ṣé wọ́n sì ń bímọ nílé?

Ìdáhùn: Tanwíji ni wọ́n fẹ́ràn jù, ẹ fi asẹ́ kó o, kí ẹ ṣàn án. Wọ́n ń bímọ nílé bí omi bá rọ̀ tí ibẹ̀ sì ṣókùnkùn díẹ̀. Abo lè fọ́n ẹyin tó 1,000 ká, ṣùgbọ́n òun àti akọ á jẹ ẹ́, torí náà ẹ kó àwọn méjèèjì kúrò lọ́gán. Ẹyin ń pa láàárín wákàtí 30 sí 34. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe nìyí: wọ́n á rí ọmọ ẹja, wọ́n á da oúnjẹ sí i, omi á bàjẹ́, gbogbo rẹ̀ á sì kú. Oúnjẹ inú ẹyin ṣì wà nínú wọn. Ẹ dúró di bí ọjọ́ keje, nígbà tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í lúwẹ̀ẹ́ fúnra wọn.