Bí Ṣọ́ọ̀bù Àwọn Atẹ̀wòrán Mẹ́síkò Ṣe Bẹ̀rẹ̀

"Taller" ni àwọn ará Mẹ́síkò ń pe ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Orúkọ yẹn náà ni àwọn ayàwòrán kan mú ní 1937 tí wọ́n fi sọ ẹgbẹ́ wọn: Taller de Gráfica Popular, ìyẹn ṣọ́ọ̀bù àwòrán títẹ̀ fún ará ìlú. Wọn ò pè é ní ilé ẹ̀kọ́, wọn ò sì pè é ní àjọ. Ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ní àwọn ṣí, yíǹkì sì ń pa wọ́n lọ́wọ́ láró lóòótọ́.

Ká tó dé ọ̀dọ̀ wọn, baba kan wà tí a ò gbọdọ̀ fò. José Guadalupe Posada, tí wọ́n bí ní Aguascalientes ní 1852, fi ọ̀pọ̀ ọdún fín àwòrán sára òjé àti síńkì fún ilé ìtẹ̀wé Antonio Vanegas Arroyo ní olú-ìlú. Bébà ẹlẹ́yọ kan ni wọ́n ń tà lówó pọ́ọ́kú: orin nípa apànìyàn, ìròyìn jàǹbá, àdúrà, ẹ̀fẹ̀ nípa òṣèlú. Ẹni tí kò mọ̀wé á wo àwòrán, á ní kí ẹlòmíì ka ìyókù fóun. Egungun òkú ni Posada fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ (kì í ṣe eégún tiwa o): egungun tó dé fìlà olówó, egungun tó ń wa kẹ̀kẹ́. Ta ni kò mọ ohun tó ń sọ? Bí ẹran ara bá ti rà tán, ta ló mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà? Òun fúnra rẹ̀ kú sínú òṣì ní 1913, ibojì àwọn aláìní ni wọ́n sin ín sí.

Nígbà tí ogun ìyípadà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1910 rọlẹ̀, ìjọba ní kí ayàwòrán Diego Rivera àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ya ìtàn ìlú sára ògiri ńláńlá. Àwọn àwòrán náà rẹwà, àmọ́ ògiri kì í rìn lọ sí abúlé. Bébà lè lọ. Ohun tí Leopoldo Méndez, Luis Arenal àti Pablo O'Higgins (ọmọ Amẹ́ríkà ni èyí, Salt Lake City ni wọ́n bí i sí) rò nìyẹn, nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀ tú ká mọ́ wọn lórí.

Wọ́n tẹ̀ láti orí òkúta, wọ́n fín igi, ṣùgbọ́n líno ló wá di ọ̀rẹ́ wọn jù. Ohun tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ yàrá ni líno: epo irúgbìn kan, lúbúlúbú èèpo igi àti aṣọ àpò ni wọ́n fi ń ṣe é. Kò wọ́n, ọ̀bẹ sì ń wọ̀ ọ́ wẹ́rẹ́. Afíngbá Ọ̀yọ́ á mọ iṣẹ́ yìí lójú ẹsẹ̀. Ibi tí ọ̀bẹ bá gbẹ́ kúrò á funfun lórí bébà. Ibi tó ṣẹ́ kù sókè ni yíǹkì á mú. Ọ̀tún á di òsì, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ sí i gbọ́dọ̀ fín lẹ́tà náà ní ìdàkejì. Ojú ẹ̀ ń là!

Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń ṣèpàdé. Bí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá ní kí wọ́n bá àwọn ṣe pósítà, ẹnì kan á gbé èrò rẹ̀ wá, àwọn yòókù á tú u wò: ọwọ́ yìí kéré jù, àgbẹ̀ ò ní lóye èyí. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù nìkan ló ń wà lára iṣẹ́ mìíràn. Lójú tèmi, ìpàdé yẹn gan-an ni ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n forúkọ sílẹ̀.

Nígbà tí Ààrẹ Lázaro Cárdenas gba epo rọ̀bì lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ òkèèrè ní March 1938, wọ́n tẹ̀wé gbè é. Wọ́n bá Hitler jà lórí bébà. Ní 1942 Méndez fín ọkọ̀ ojú irin táwọn ọmọ ogun Hitler fi ń kó àwọn Júù lọ síbi ikú, nígbà tí ọ̀pọ̀ ayàwòrán ò tíì fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ náà. Ní 1947 wọ́n kó àwòrán líno 85 jọ lórí ìtàn ìyípadà Mẹ́síkò. Gbogbo ọwọ́ kọ́ ló mọ́, kò yẹ ká fi pa mọ́: Arenal wà lára àwọn tí wọ́n dárúkọ mọ́ ìkọlù tí wọ́n fi ìbọn ṣe sí ilé Trotsky, olórí ìyípadà Rọ́ṣíà tó sá wá sí Mẹ́síkò, ní May 1940.

Ní 1946 ni Elizabeth Catlett dé, obìnrin adúláwọ̀ láti Washington, ọmọ-ọmọ àwọn tí wọ́n ti fi ṣe ẹrú. Líno 15 ló fín sórí ìgbésí ayé obìnrin aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn náà ló fín èyí táyé mọ̀ jù: obìnrin alároko kan tó dé fìlà koríko, tí ojú rẹ̀ le koko, tí pínnì kan ṣoṣo sì so aṣọ rẹ̀ pọ̀ lọ́rùn. Pínnì yẹn ni mo máa ń wò. Kò sí bọ́tìnì, ó sì gbé orí sókè.

Catlett fẹ́ Francisco Mora, ọmọ ṣọ́ọ̀bù náà, ó sì di ọmọ ìlú Mẹ́síkò ní 1962. Amẹ́ríkà wá pè é ní àlejò tí wọn ò fẹ́, wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ní 1971, Studio Museum, ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà ní Harlem ní New York, fẹ́ pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀. Àwòrán rí ọ̀nà wọlé. Ẹni tó fín wọn ṣì ń wá físà.